Ọ̀nà Mẹ́ta tí Ooru Sàlẹ́ńsà Ń Gbà Wọ Inú Ọkọ̀ Àtijọ́: Èrò Kan Lórí Ìsọlórúkọ

1. Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fa àpilẹ̀kọ yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni ìdènà ooru, èmi fúnra mi ni mo sì lò ó ní ìlòkulò.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n túmọ̀ ojú ìwé bíi mẹ́wàá sí èdè Yorùbá fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ohun tí ìwé náà dá lé lórí ni bí a ṣe lè dín ooru sàlẹ́ńsà tí ń wọ inú ọkọ̀ àtijọ́ kù. Ohun èlò méjì ni ìwé náà dárúkọ. Ọ̀kan jẹ́ páànù dídán tí a ń fi bóòtì so sí àárín sàlẹ́ńsà àti abẹ́ ọkọ̀. Páànù yìí kò gbọdọ̀ fara kan sàlẹ́ńsà rárá, ojú bóòtì nìkan ni ó sì ti gbọdọ̀ kan ọkọ̀. Èkejì jẹ́ aṣọ nínípọn tí a ń tẹ́ sí inú ọkọ̀, lábẹ́ rọ́ọ̀gì. Orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní tèmi, mo wò ó pé ooru náà ni àwọn méjèèjì ń dènà, mo sì pe àwọn méjèèjì ní ìdènà ooru. Mo rò pé iṣẹ́ mi ti yanjú.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ka ìwé mi, ó sì fi ohun tí ó kà ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ Píjò 504 kan. Níwọ̀n ìgbà tí ó ti kà á pé a máa ń tẹ́ ìdènà ooru pẹrẹsẹ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ó lu páànù alumíníọ̀mù pẹrẹsẹ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ náà, ó sì fi etí páànù náà há ara sàlẹ́ńsà kí ó má baà máa dún. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà wà á láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Nígbà tí ó padà dé, ó ní ilẹ̀ ọkọ̀ náà gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀gá ọmọ náà, tí kò ka ìwé mi rí, wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ wá wo ohun tí ìwé yín sọ. Asà kì í lẹ̀ mọ́ ara ẹni tí ó gbé e dání. Bí asà bá ti lẹ̀ mọ́ni lára, ohun tí ó bá ba asà, ara ni ó bà."

Ọmọ náà kò ṣe àṣìṣe. Ohun tí mo kọ ni ó ṣe. Láti ọjọ́ náà ni ó ti yé mi pé nínú iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ohun èlò kan ní orúkọ ni ó ń sọ fún òṣìṣẹ́ bí yóò ṣe lò ó. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀nà tí ooru ń gbà rìn ni ó yẹ kí a fi máa sọ ọ́ ní orúkọ, nítorí pé ọ̀nà tí ooru bá gbà wọlé ni a ó ti dá a padà. Àti pé èdè Yorùbá ti ya àwọn ọ̀nà wọ̀nyí sọ́tọ̀ kí ilé-ìwé tó dé.

2. Ibi tí ooru náà ti ń wá

Mo mú Píjò 504 ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé àwọn tí ó ju ogójì ọdún lọ láàárín wa ni wọ́n ti wọ̀ ọ́ rí. Ní ọdún 1968 ni ọkọ̀ náà kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Faransé; ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọkọ̀ Píjò pọ̀ ní Kàdúná. Wọn kò ṣe 504 mọ́ báyìí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó parun. Iwájú ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà. Èyí ni pé páìpù sàlẹ́ńsà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn èrò kọjá kí ó tó dé ẹ̀yìn.

Nínú gbogbo agbára tí ó wà nínú epo pẹtiróò tí ẹ́ńjìnì ń jó, nǹkan bí ìdá mẹ́rin tàbí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan péré ni ó ń di ìrìn. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan ni ó ń bá sàlẹ́ńsà jáde bí ooru. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣe iṣẹ́ líle, gáàsì tí ń jáde láti inú rẹ̀ lè gbóná ju 700 °C lọ, ara páìpù tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ sì lè gbóná dé 300 °C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iná púlọ́ọ̀gì bá ń pẹ́ kí ó tó ṣẹ́, epo kò ní tètè jó tán nínú ẹ́ńjìnì. Ooru tí ì bá ti ọkọ̀ síwájú yóò wá gba inú sàlẹ́ńsà lọ. Nítorí náà, títún ẹ́ńjìnì tò ni ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ilẹ̀ ọkọ̀ gbígbóná.

Nígbà tí ọkọ̀ náà jẹ́ tuntun, àwọn tí ó ṣe é ti fi àlàfo, rọ́bà àti aṣọ nínípọn sí ibi tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ti lo ogójì tàbí àádọ́ta ọdún kò ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí mọ́. Wẹ́dà ti gé páànù kan dànù nígbà tí ó ń pààrọ̀ sàlẹ́ńsà. Rọ́bà tí ó fi páìpù kọ́ ti já, wọ́n sì ti fi wáyà rọ́pò rẹ̀. Aṣọ abẹ́ rọ́ọ̀gì ti jẹrà. Rọ́bà tí ó dí ihò wáyà lára ògiri ẹ́ńjìnì ti gbẹ, ó sì ti já bọ́. Ọ̀nà tí a ti dí fún ooru ti ṣí padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ọ̀nà náà. Èkíní ni èyí tí ooru ń ti ara páìpù fò kọjá àlàfo lọ bá ilẹ̀ ọkọ̀. Èkejì ni èyí tí ó ń gba ara irin kan bọ́ sí ara irin mìíràn, bí irú wáyà tí ó rọ́pò rọ́bà yẹn. Ẹ̀kẹta ni èyí tí afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì ń gbé gba inú ihò wọlé. Kò sí ìwé ẹ̀kọ́ nípa ooru tí kò ní mẹ́nu ba àwọn mẹ́ta wọ̀nyí. Orúkọ tí à ń fún wọn ní Yorùbá ni ó kù díẹ̀ káàtó.

3. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí a wò

Àṣà wa ni pé bí a bá fẹ́ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, ọ̀rọ̀-orúkọ ni a máa ń wá kiri, nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí a ń túmọ̀. Bí a kò bá rí i, a ó ní èdè wa kò ní in. Èrò tèmi ni pé ibi tí kò sí ni a ti ń wá a. Ìmọ̀ tí àwọn baba àti ìyá wa ní nípa ooru kò pọ̀ nínú ọ̀rọ̀-orúkọ. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n fi í pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀-ìṣe yá. Ní àárọ̀ ọyẹ́, àgbàlagbà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ iná. A ní ó ń yáná. Aláǹgbá nà gbalaja sórí ògiri. A ní ó ń yá oòrùn. Ẹni tí ń yáná kò fọwọ́ kan iná. Bí ó bá fọwọ́ kàn án, jíjó ni iná yóò jó o. Afẹ́fẹ́ kọ́ ni ó sì ń gbé ooru náà wá bá a, nítorí pé òkè ni afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń lọ, ẹ̀gbẹ́ sì ni ẹni tí ń yáná jókòó sí. Ní ti oòrùn, láàárín òun àti ayé, òfìfo ni ó pọ̀ jù ní ọ̀nà. Kò sí afẹ́fẹ́ tí ì bá gbé ooru rẹ̀ wá. Síbẹ̀, èdè wa fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo so iná àti oòrùn pọ̀. A kì í yá ṣíbí gbígbóná. A kì í yá omi gbígbóná. Ooru tí ń rìn láìfara kan nǹkan, tí kò sì nílò afẹ́fẹ́, ni ọ̀rọ̀ náà wà fún.

Mo dá a lábàá nígbà náà pé kí a pe irú ooru yìí ní ooru ìyáná. Mo kọ́kọ́ rò ó láti pè é ní ooru àyá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fara balẹ̀ ka àmì ohùn yóò pè é ní àyà tàbí aya. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń lo ooru ìtànṣán, mi ò sì ní bá wọn jà bí ó bá jẹ́ pé oòrùn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ bá. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ sàlẹ́ńsà, ìtànṣán yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ohun tí ó bá tàn ni ó ń ní ìtànṣán lójú gbogbo Yorùbá. Páìpù sàlẹ́ńsà kì í tàn. Ó dúdú, ó sì dípàtà. Nínú òkùnkùn biribiri abẹ́ ọkọ̀ ni ó ti ń rán ooru rẹ̀ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ ní ìtànṣán yóò máa wo iná tí ó ń tàn. Èyí tí a bá kọ́ ní ìyáná yóò na ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ páìpù láti mọ̀ bóyá ooru wà níbẹ̀. Olùkọ́ lè fi èyí han kíláàsì rẹ̀: kí ó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ohun gbígbóná kan, kí ó má fi kàn án. Ọwọ́ náà yóò yáná, bẹ́ẹ̀ òkè ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ń lọ.

Ọ̀nà kejì kò le. Ẹni tí ń ro ọkà mọ̀ ìdí rẹ̀ tí orógùn fi jẹ́ igi. Bí ó bá fi ṣíbí onírin rò ó, kò ní pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi jù ú sílẹ̀, nítorí ooru ti gba ara irin náà gòkè. Ara ni ooru ń gbà, láti ibi kan sí èkejì, níwọ̀n ìgbà tí ara bá ti kan ara. Ooru ìfarakàn ni kí a máa pe èyí.

Ní ti ọ̀nà kẹta, ẹni tí ó bá so àgbàdo sí àjà lókè ààrò ti mọ̀ ọ́n. Kò so ó sí ẹ̀gbẹ́ iná, òkè iná ni ó so ó sí, nítorí pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbé ooru lọ. Alágbẹ̀dẹ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Omi lè gbé ooru bí afẹ́fẹ́ ti ń gbé e. Mo dá a lábàá pé kí a pè é ní ooru ìgbékiri.

Ìyáná, ìfarakàn, ìgbékiri. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí a bá yọ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí, àlàyé wa yóò dànù.

Ẹnìkan lè ní kí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò kí a sì sinmi. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan tí a ti yá. Gbogbo mẹkáníìkì ni ó mọ rédíétọ̀. Inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan máa rán ooru jáde bí oòrùn ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí rédíétọ̀ ọkọ̀ ń ṣe jù kì í ṣe ìyáná. Omi ni ó gbé ooru wá láti inú ẹ́ńjìnì, afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fà ni ó sì ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ìgbékiri ni, níwájú àti lẹ́yìn. Orúkọ tí àwọn tí ó ni ín fún un kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Mi ò sọ pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ o. Ó ti di ti gbogbo ènìyàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé yíyá ọ̀rọ̀ kò gbà wá lọ́wọ́ ìrònú. Bí a bá yá ọ̀rọ̀, a yá àṣìṣe inú rẹ̀ pẹ̀lú.

4. Asà, òṣùká àti ìdíhò

Bí a bá ti ya àwọn ọ̀nà sọ́tọ̀, ohun èlò yóò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ohun tí ń dá ooru ìyáná padà ni asà ooru. Ohun tí ń dín ooru ìfarakàn kù ni òṣùká ooru. Ohun tí ń dá ooru ìgbékiri dúró ni ìdíhò.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì yẹn ni ó fún mi ní asà. Asà kì í lẹ̀ mọ́ni. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ wà nínú ìṣirò. Josef Stefan ni ó ṣe àwárí ní ọdún 1879, tí Ludwig Boltzmann sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní ọdún 1884, pé ooru ìyáná tí ohun kan ń rán jáde kì í pọ̀ sí i ní ẹsẹ̀-ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ìkà láti ìpẹ̀kun òtútù, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 273 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, a ó fi iye náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ní ìgbà mẹ́rin. Ohun tí ó gbóná dé 300 °C lè rán nǹkan bí 6,100 wáàtì jáde láti ara mítà kan níbùú lóròó. Bí ó bá dé 400 °C, iye náà di nǹkan bí 11,600. Ọgọ́rùn-ún díígírì péré ni a fi kún un, ooru ìyáná sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí a fi máa ń mọ ooru náà lára jù nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè.

Alumíníọ̀mù dídán lè dá nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ooru ìyáná tí ó bá bà á padà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù kan náà ń gbé ooru ìfarakàn ju irin lásán lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, asà tí ó dára jù lọ níwọ̀n ìgbà tí ó dá dúró ni afárá tí ó burú jù lọ nígbà tí ó bá fara kan nǹkan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ iṣẹ́ yẹn nìyí. Àlàfo tí a bá fi sílẹ̀ láàárín asà àti ilẹ̀ ọkọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì, kì í ṣe àyè òfo. Ara asà ni. Afẹ́fẹ́ tí kò bá mì kì í gbé ooru ìfarakàn dáadáa. Irin fi nǹkan bí ìlọ́po 2,000 jù ú lọ. Bí ọkọ̀ bá sì ń rìn, afẹ́fẹ́ yóò máa gba inú àlàfo náà kọjá, yóò máa gbé ooru lọ. Kí bóòtì tí ó di asà mú kéré níye. Kí a sì máa nu ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, nítorí pé asà tí ẹrẹ̀ bò kì í dá ooru padà mọ́. Gbígbà ni ó ń gbà á.

Òṣùká yàtọ̀. Ẹni tí ó ru ìkòkò gbígbóná kò lè sọ pé kí àlàfo wà láàárín ìkòkò àti orí òun. Ó ní láti fi nǹkan tí ó nípọn, tí ó sì rọ̀, sí àárín. Afẹ́fẹ́ tí ó há sínú aṣọ náà ni ó ń ṣe iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni aṣọ abẹ́ rọ́ọ̀gì. Ó yẹ kí òṣùká lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, kò sì gbọdọ̀ tutù, nítorí pé bí omi bá ti gba ipò afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ ti dín kù, ìpàtà yóò sì máa jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ tí àwọn kan máa ń wé mọ́ páìpù sàlẹ́ńsà fúnra rẹ̀ jẹ́ òṣùká pẹ̀lú. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń mú omi dání mọ́ ara páìpù onírin, ó sì ń mú kí ó tètè dípàtà. Bí epo ẹ́ńjìnì bá ro sí i, ó lè gbiná.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi fẹ́ kí a fi iṣẹ́ sọ ohun èlò ní orúkọ, kí a má fi ohun tí a fi ṣe é sọ ọ́. Láyé àtijọ́, asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan tí ń dènà ooru nínú ọkọ̀, títí kan gásíkẹ́ẹ̀tì. Lónìí a mọ̀ pé eruku rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1999, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dè é pátápátá. Bí a bá ti sọ òṣùká ooru ní "asibẹ́sítọ́ọ̀sì", bí àwọn kan ti ṣe, ọmọ iṣẹ́ tí ó ka ìwé wa yóò máa wá a kiri títí di òní. Òṣùká kò ní ọjọ́ ogbó. A lè fi òwú ṣe é lónìí, kí a fi fáíbà ṣe é lọ́la.

5. Ẹ̀rí láti ara ọkọ̀ Ìjàpá

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ara 504 nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti wúlò, ẹ jẹ́ kí a wo Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá. Ọdún 1975 kan náà ni ilé iṣẹ́ tí ń to Volkswagen pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, nítorí náà sàlẹ́ńsà rẹ̀ kò gba abẹ́ ẹsẹ̀ èrò kọjá. Ẹni tí ó bá ń lo ìdènà ooru fún ohun gbogbo yóò rò pé Ìjàpá kò lè ní ìṣòro yìí.

Ó ní in, ó sì le. Jámánì ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà, níbi tí òtútù ti pọ̀. Àwọn tí ó ṣe é fi páànù bo apá kan lára páìpù sàlẹ́ńsà, kí afẹ́fẹ́ tí fáànù ẹ́ńjìnì ń fẹ́ lè gba àárín rẹ̀ kọjá, kí ó gbóná, kí ó sì gba inú irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọ inú rẹ̀ lọ fi mú èrò móoru. Ìlẹ̀kùn kékeré méjì ni ó ń ṣí ọ̀nà náà tí ó sì ń dí i, wáyà ni a sì fi ń fà wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ bíréèkì ọwọ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wáyà yóò já, ìlẹ̀kùn yóò dípàtà, kò sì ní lè pa dé mọ́. Nínú oòrùn ilẹ̀ wa, ooru tí wọ́n ṣe fún ọ̀gìnnìtìn ilẹ̀ Jámánì yóò máa fẹ́ sí ẹsẹ̀ awakọ̀.

Asà kò lè ṣe ohunkóhun sí èyí. Òṣùká kò lè ṣe é. Ìgbékiri ni, ìdíhò nìkan ni ó sì lè dá a dúró: kí a tún ìlẹ̀kùn náà ṣe, tàbí kí a dí ọ̀nà náà pa. Owó tí ẹni tí ó ni Ìjàpá bá ná sórí aṣọ nínípọn, òfò ni. Ẹ rí i pé orúkọ tí ó tọ́ kì í ṣe fún ẹwà èdè nìkan. Ó ń gba owó ẹni.

6. Èéfín tí kì í ṣe èéfín

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ju ti owó lọ. Ihò tí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá lè gbà, gáàsì sàlẹ́ńsà lè gbà á. Nínú gáàsì náà ni kábọ́ọ̀nù mónósáìdì wà. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Ẹni tí ó bá ń fà á sínú yóò kọ́kọ́ ní orí fífọ́ àti òòyì, oorun yóò máa kùn ún, ó sì lè má jí mọ́.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a túmọ̀, èéfín ni wọ́n ń pè é. Mo bẹ̀ wá pé kí a jáwọ́ nínú èyí. Ojú ń rí èéfín, imú ń gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ń ta ojú. Bí a bá sọ fún awakọ̀ pé kí ó ṣọ́ra fún èéfín, tí kò sì rí èéfín kankan, yóò gbé fèrèsé rẹ̀ sókè, yóò sì máa lọ. Ohun tí mo fara mọ́ ni kí a fi orúkọ àyálò náà sílẹ̀ bí ó ti wà, kí a sì fi gáàsì apani tí a kì í rí ṣàlàyé rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí a bá lò ó. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ kíkọ, kí ìlà àkọ́kọ́ nípa ooru sàlẹ́ńsà jẹ́ pé kí a wá ibi tí gáàsì ti ń jò lójú mànífóòdù, lójú oríkèé páìpù àti lára àpótí sàlẹ́ńsà, kí a sì tún un ṣe kí a tó ra asà tàbí òṣùká. Nínú Ìjàpá pàápàá, bí páìpù tí páànù bò yẹn bá ti lu, afẹ́fẹ́ tí ń mú èrò móoru ni yóò gbé gáàsì náà wọlé.

7. Ìdáhùn sí àwọn tí ó lè takò mí

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé òṣùká àti ìyáná jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ìdáná, pé wọn kò ní iyì tó fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìdáhùn mi ni pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ilẹ̀ mìíràn ń lò nínú sáyẹ́ǹsì, inú ilé ìdáná, oko àti ilé alágbẹ̀dẹ ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Lílò ni ó sọ wọ́n di ọlọ́lá.

Àwọn mìíràn ní àwọn mẹkáníìkì ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn, kí a fi wọ́n sílẹ̀. Mo fara mọ́ ìdajì rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan sàlẹ́ńsà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àpótí kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí tiwa sì ń tọ́ka sí gbogbo rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ wa ni báyìí, ìtumọ̀ tí a fún un ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ohun èlò ni àwọn mẹkáníìkì ní. Orúkọ ọ̀nà tí ooru ń gbà ni wọn kò tíì ní. Níbẹ̀ ni ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ràn wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n sì ràn wá lọ́wọ́.

A kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní ọdún 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá kìíní jáde lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, èkejì sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1990 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ẹ̀kọ́ ni ìwé kìíní dá lé lórí, olùkọ́ èdè kò sì lè ṣe láìsí i. Ọmọ iṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà yẹ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ àti olùtúmọ̀ mú lọ kò pọ̀. Kí a máa bi ara wa pé ọ̀nà wo ni ooru náà gbà kí a tó sọ ohun tí ń dá a dúró ní orúkọ. Kí a wo ọ̀rọ̀-ìṣe kí a tó sọ pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀. Kí a sì gbé ọ̀rọ̀ tí a bá ṣẹ̀dá lọ bá ẹni tí yóò lò ó, kí a wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe.

Mo ti tún àwọn ojú ìwé yẹn kọ. Níbi tí mo ti kọ ìdènà ooru tẹ́lẹ̀, asà ooru wà níbì kan, òṣùká ooru wà níbòmíràn. Mo gbé e lọ fún ọmọ iṣẹ́ náà, tí ó ti di ọ̀gá ara rẹ̀ báyìí. Ó kà á tán, kò sì bi mí ní ìbéèrè kankan nípa èwo ni ó gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ àti èwo ni kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.